Bí píkọ́ọ̀pù yín ṣe lè dín epo tó ń jẹ kù: ẹ bá afẹ́fẹ́ ṣe é láti ẹ̀yìn

“Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn, ṣé epo kò ní dínkù?” Agbára káká lẹ fi máa rí awakọ̀ píkọ́ọ̀pù tí kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí. Èmi náà ṣí i sílẹ̀ kiri fún odindi ọdún kan. Lójú tèmi, ògiri ni ilẹ̀kùn yẹn, afẹ́fẹ́ sì ń forí sọ ọ́. Tí mo bá dá a dùbúlẹ̀, afẹ́fẹ́ á ráyè gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ tì dáadáa ló dára ju èyí tí ẹ ṣí lọ, ẹni tó bá sì mọ ìdí rẹ̀ ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ níbí.

Afẹ́fẹ́ tó ń sáré bọ̀ láti orí òrùlé ọkọ̀ kò lè ṣẹ́ kọ́rọ́ wọ inú àpótí ẹ̀yìn lójijì. Bó bá ṣe kúrò létí òrùlé báyìí, ó ti já ara rẹ̀ gbà nìyẹn, á máa bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó kù sínú àpótí á wá máa yí po lójú kan, bí omi inú ìkòkò tí èèyàn ń rò. Ilẹ̀kùn tó wà ní títì ló ń sé afẹ́fẹ́ yíyí yẹn mọ́ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè á sì gorí rẹ̀ kọjá bí ẹni tó rí afárá. Tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, afárá náà já. Afẹ́fẹ́ òkè á rọ́ wálẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ á dàrú. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì ti dàrú báyẹn, ìwọ̀n títẹ̀ tó ń tẹ ara ọkọ̀ níbẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, nígbà tí ti iwájú ṣì ga. Nípa bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan so okùn mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tó ń fà á. Okùn yẹn ni ẹ ń ra epo fún. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba Kánádà, National Research Council, gbé píkọ́ọ̀pù sínú yàrá ìdánwò afẹ́fẹ́ wọn, ohun kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀: ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní títì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ wọn túbọ̀ la afẹ́fẹ́ máa ń sáré lọ sí iwájú. Lórí píkọ́ọ̀pù, ẹ̀yìn ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Ìṣirò díẹ̀ kí a tó mú skúrúdíráfà

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bí afẹ́fẹ́ á ṣe dí ọkọ̀ lọ́wọ́ tó: bí iwájú ọkọ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí ìrísí rẹ̀ ṣe rí, àti eré tí ẹ ń sá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Cd fún ìrísí; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré òde òní sábà máa ń wà láàárín 0.25 sí 0.30, píkọ́ọ̀pù sábà máa ń wà láàárín 0.36 sí 0.45, ojú rẹ̀ sì tún fẹ̀ ju ti ọkọ̀ kékeré lọ. Àbùkù méjì lórí ara wọn ni.

Eré ló tún wá burú jù. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ká mú píkọ́ọ̀pù kan tó wúwo tó kìlógíráàmù 2,300, tí Cd rẹ̀ jẹ́ 0.42, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ sìkúwéà mítà 3.2. Ní kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan, afẹ́fẹ́ á máa fi agbára bíi 400 Newton (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára títì tàbí fífà) dá a padà. Ní 100, ó di nǹkan bíi 620. Ní 120, ó ti fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 900. Ìdènà tí táyà ń ṣe ní tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi 225 lọ nínú gbogbo eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìṣirò yìí sọ nǹkan méjì fún wa. Àkọ́kọ́, ẹni tó jẹ́ pé àárín ìgboro ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀, tó ń dúró tó ń lọ, kò ní rí nǹkan kan gbà nínú iṣẹ́ yìí. Ìwọ̀n ẹrù àti bó ṣe ń tẹ bíréèkì ló yẹ kó bójú tó. Èkejì, lójú ọ̀nà márosẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe láti máa lọ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Tí ẹ bá lè dín ìdènà afẹ́fẹ́ kù ní ìdá 10 nínú 100, epo yín lè dínkù ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ta ohun kan fún yín pẹ̀lú ìlérí pé ìdá 20 epo yín á padà wá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ọkọ̀ bó ṣe wà

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á fẹ́ fo ibí yìí. Ẹ má fò ó. Ẹni tí kò bá wọn ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ohun tó ṣe ràn án lọ́wọ́, á kàn máa gba ohun tó wù ú gbọ́ ni.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti táǹkì. Ẹ rọ epo kún títí tí ẹnu ẹ̀rọ á fi gé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi kún un mọ́. Ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ títí táǹkì á fi lọ kọjá ìdajì, ẹ padà sídìí ẹ̀rọ kan náà, ẹ rọ ọ́ kún bákan náà. Ẹ fi iye lítà tó wọlé sọ́wọ́ òkè, ẹ pín in sí iye kìlómítà tí ẹ rìn, ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100. Iye lítà tí ọkọ̀ ń jẹ fún kìlómítà 100 nìyẹn. Ẹ ṣe é ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó gba èsì náà gbọ́.

Ọ̀nà kejì yára jù, ó sì tún sún mọ́ afẹ́fẹ́ gan-an: ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa fi ara rẹ̀ yí lọ. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó gùn, tó tẹ́, tí ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ sáré dé kìlómítà 105 láàárín wákàtí kan, ẹ gbé gíà sí nútìrà, kí ẹlòmíì tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ fi já láti 100 sí 80. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì láéláé: tó bá kú, ọwọ́ ìdarí á le, bíréèkì náà á sì le. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, ní ìhà méjèèjì ọ̀nà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, kẹ́ ẹ wá wá ìpíndọ́gba.

Fún píkọ́ọ̀pù tí mo fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 17 sí 18 ló máa gbà á. Tí ẹ bá dín ìdènà afẹ́fẹ́ kù ní ìdá 10 nínú 100, á di nǹkan bíi 19. Ẹ rí i bí ìyàtọ̀ náà ṣe kéré tó? Atẹ́gùn díẹ̀ látẹ̀yìn tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ojú kò rí lè gbé e mì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ṣe é ní lílọ àti bíbọ̀, kí ẹ sì ṣe ti kí-ẹ-tó-tún-un-ṣe àti ti lẹ́yìn-tí-ẹ-tún-un-ṣe lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó dára jù ni kí ẹ wọn ọkọ̀ láìsí ohun tuntun náà, kí ẹ gbé e sí i kí ẹ wọ̀n, kí ẹ tún yọ ọ́ kí ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Bí èyí àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta kò bá jọra, ojú ọjọ́ ti yí padà mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ da gbogbo èsì ọjọ́ yẹn nù. Òtútù nìkan tó nǹkan: afẹ́fẹ́ tó wà ní dígíríì 0 fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 nípọn ju èyí tó wà ní dígíríì 30 lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín

Kò sí ohun tí ẹ máa rà tó lè bá ìgbésẹ̀ yìí dọ́gba. Ẹ padà wo àwọn nọ́ńbà òkè yẹn: ẹni tó bá já láti 120 sí 110 ti dín gbogbo agbára tí ọkọ̀ nílò kù ní nǹkan bí ìdá 13 nínú 100. Lórí ìrìn kìlómítà 100, ìṣẹ́jú bíi 5 péré ló fi pẹ́ sí i.

Awakọ̀ kan lè sọ pé òun á kúkú sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kí ó máa gé afẹ́fẹ́ fún òun. Lóòótọ́, epo á dínkù. Àmọ́ kí ó tó dínkù tó nǹkan, ẹ ti gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn débi pé ẹ kò ní ríbi tẹ bíréèkì. Mi ò ní fi í kún ìtọ́sọ́nà yìí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tú ohun tí kò yẹ kó wà níta

Ẹ dúró níwájú ọkọ̀ yín, ẹ wò ó bí ẹni pé ẹ̀yin ni afẹ́fẹ́. Kí ni ẹ máa kọlù? Irin ìgbẹ́rù lórí òrùlé, iná gígùn tí wọ́n tò sórí rẹ̀, ohun tó ń dí oòrùn lórí gíláàsì, ike tí wọ́n fi ń lé kòkòrò létí bọ́nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà ẹrẹ̀ tó fẹ̀ ju táyà lọ, dígí ẹ̀gbẹ́ ńlá tí wọ́n ń lò fún fífa ọkọ̀ àfifà. Èyí tí ẹ kò bá lò lóṣù yìí, ẹ tú u. Dígí ńlá tó ṣeé ká, ẹ ká a wọlé lọ́jọ́ tí ẹ kò bá fa nǹkan kan, àmọ́ ẹ má yọ dígí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀ kúrò. Òfin àti ẹ̀mí yín nílò rẹ̀.

Àpótí ẹrù orí òrùlé ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé e jáde lójú òpó wọn lórí ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ pé àpótí ńlá lórí òrùlé lè ba epo ọkọ̀ jẹ́ ní ìdá 2 sí 8 nínú 100 láàárín ìlú, àti ìdá 10 sí 25 lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń sáré tó kìlómítà 105 sí 120. Ẹrù tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀ kò gbà ju ìdá 1 sí 5 lọ. Ẹ̀yin sì rèé tí ẹ ní odindi àpótí lẹ́yìn! Ẹ kó ẹrù síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó fara ti ẹ̀yìn yàrá awakọ̀, kó má sì ga ju òrùlé lọ.

Bí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ sókè, tí ẹ sì fi táyà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, ìyẹn náà wà lára ohun tí afẹ́fẹ́ ń kọlù. Mo mọ̀ pé ó wuyì. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ gbà pé ẹwà náà ní owó orí tirẹ̀, lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bo àpótí ẹ̀yìn

Tí ẹ bá fi ìbòrí pẹlẹbẹ dé àpótí náà láti ẹ̀yìn yàrá awakọ̀ dé ilẹ̀kùn, afárá tí afẹ́fẹ́ yíyí yẹn ń ṣe tẹ́lẹ̀ á di afárá gidi. Ìdènà afẹ́fẹ́ á dínkù ní ìdá bíi mélòó kan nínú 100, epo á dínkù ní bí ìdajì ìyẹn. Kò pọ̀, àmọ́ títí ayé ọkọ̀ ni.

Ohun tó ṣe pàtàkì níbí ni kí ìbòrí náà le, kó sì dè. Tapólì tó ń fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ á jẹ gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ jèrè, á sì ya ara rẹ̀ kí oṣù tó parí. Bí owó kò bá tó fún èyí tí wọ́n ń tà, pílíwúùdù fẹ́lẹ́ tí ẹ kùn ní ọ̀dà, tí ẹ gé sí ọ̀nà mẹ́ta pẹ̀lú ìdè ilẹ̀kùn láàárín kó lè ṣeé ká, á ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí gbogbo etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa rí abẹ́ rẹ̀ gbà wọlé.

Ilé gíga onígun mẹ́rin tí àwọn kan máa ń kọ́ lé àpótí ẹ̀yìn, tó ga tó òrùlé títí dé ìparí ọkọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ tún nǹkan ṣe, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bà á jẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ó sì gé bọ́lọ́jọ́, okùn tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìbòrí onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí èrè gidi wà

Ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀. Ẹ wo ìrísí ẹja: orí rẹ̀ yọ roboto, ara rẹ̀ á wá máa tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìrù. Afẹ́fẹ́, bíi ti omi, kò bínú sí orí tó tóbi tó bá ṣáà ti yọ roboto. Ohun tó kórìíra ni kí nǹkan parí lójijì. Píkọ́ọ̀pù máa ń parí lójijì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn yàrá awakọ̀ àti lẹ́yìn àpótí. Ìbòrí onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á so méjèèjì pọ̀: á bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé, á máa dà wálẹ̀ sí ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Níbi tí ìbòrí ti pàdé òrùlé, kí ó tẹ̀ lé bí òrùlé ṣe dà gẹ́lẹ́, láìsí kọ́rọ́. Láti ibẹ̀, kí ó máa dà sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó má ju dígíríì 12 lọ níbi tó ti dà jù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, afẹ́fẹ́ á já ara rẹ̀ gbà bíi ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ yín á sì di asán. Àwọn ẹ̀gbẹ́ náà lè máa tín-ín-rín lọ sáàárín, àmọ́ ẹ jẹ́ kó kéré sí ti òkè.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sí i. Bí àpótí bá gùn tó mítà 1.8, tí ìbòrí sì dà ní dígíríì 12 jálẹ̀, á ti wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 38 nígbà tó bá dé ẹ̀yìn. Bí òrùlé bá ga ju etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ ní sẹ̀ǹtímítà 55, sẹ̀ǹtímítà 17 ló ṣẹ́kù tí kò tíì débẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn níbí, wọ́n á fẹ́ fi ipá dà á sí i kí ó lè bá ilẹ̀kùn dọ́gba. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gé e bọ́lọ́jọ́ síbẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì kan, Wunibald Kamm, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti ṣe èyí ní àwọn ọdún 1930: ọkọ̀ kò nílò ìrù gígùn kó tó jàǹfààní, ẹ lè gé ìrù náà sọnù tó bá ti tín-ín-rín tó. Kìkì pé kí etí ibi tí ẹ gé náà mú, kó má yọ roboto, kí afẹ́fẹ́ lè kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láì fà lé e.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ:

1. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí ńlá gé àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sára ọkọ̀, ẹ jìnnà sí i, ẹ wò ó. Ẹ fi fóònù tó ní ohun ìwọ̀n dígíríì wọn bó ṣe dà.
2. Ẹ fi páìpù alumíníọ̀mù onígun mẹ́rin tàbí igi fífúyẹ́ ṣe egungun rẹ̀. Wẹ́dà tó mọ alumíníọ̀mù jó lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí kò bá rí i lè fi bóòlù àti nọ́ọ̀tì dè é.
3. Ẹ fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ tàbí ike oníhò inú tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìpolówó bò ó. Kí ojú rẹ̀ dán. Ike yìí rọrùn láti gé, òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́ tèmi, àmọ́ oòrùn á sọ ọ́ di ẹlẹ́gẹ́ nígbà tó bá yá.
4. Àlàfo tó wà láàárín ìbòrí àti yàrá awakọ̀, ẹ fi fóòmù yíyípo tí wọ́n fi ń wé páìpù dí i. Ẹ má so ìbòrí mọ́ òrùlé rárá, torí pé yàrá awakọ̀ àti àpótí ẹ̀yìn máa ń mì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí férémù ọkọ̀.
5. Ẹ fi irin ìdìmú tó nípọn dè é mọ́ etí àpótí ní ibi mẹ́fà, ó kéré tán.

Ìkarùn-ún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Afẹ́fẹ́ tó ń gorí nǹkan tó tẹ̀ báyìí máa ń fà á sókè. Ní kìlómítà 120, agbára tí ó fi ń fa ìbòrí tó tóbi tó sìkúwéà mítà 2.5 lè lé ní ti ẹrù kìlógíráàmù 80. Bó bá tú lójú ọ̀nà, orí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa lọ. Ẹ rí i pé iná bíréèkì òkè ṣì hàn, pé nọ́ńbà ọkọ̀ kò fara pa mọ́, pé dígí inú ṣì rí ẹ̀yìn tàbí kí ẹ fi kámẹ́rà rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Èéfín sáìlẹ́ńsà lè wọlé síbẹ̀, kò sì ní òórùn tó máa jí ẹni tó ti sùn.

Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ gé òwú sí sẹ̀ǹtímítà 10-10, ẹ fi téèpù lẹ orí kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ìbòrí ní ìlà ìlà, kí ẹlòmíì máa wa ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹni tó jókòó tì í máa ya fídíò. Òwú tó bá nà tọ́ sẹ́yìn tó sì fara mọ́ ìbòrí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń bá a lọ dáadáa. Èyí tó bá ń jó, tó ń yí, tàbí tó kọjú sí iwájú, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti já. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí pé òun nìkan ló jẹ́ kí èèyàn fojú rí afẹ́fẹ́. Nínú ìbòrí àkọ́kọ́ mi, gbogbo òwú ìdajì ẹ̀yìn ló ń jó bí ọmọ tó gbọ́ ìlù. Mo ti dà á ní dígíríì 18.

Ìgbésẹ̀ 6: Iwájú

Iṣẹ́ méjì ló wà níbí. Èkíní ni ète rọ́bà lábẹ́ bọ́mpà, tó máa ń darí afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí àkísù, sáìlẹ́ńsà àti férémù ti ń dà á rú. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ní èyí kékeré kan láti ilé iṣẹ́, àwọn onímọ́tò a sì máa tú u dànù nítorí pé ó ń ha ilẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ lo rọ́bà tó lè tẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì lọ sílẹ̀ ju ohun tó lọ sílẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀ lọ. Bó bá jìn ju bẹ́ẹ̀, ṣe ni ẹ ń fi kún ojú ọkọ̀, ìdènà á tún padà pọ̀ sí i. Píkọ́ọ̀pù Ram 1500 ti ọdún 2019 wá pẹ̀lú irú ète yìí tó máa ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tó sì máa ń ká padà nígbà tó bá rọra. Ìyẹn jẹ́ ká rí i pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé ète tó dúró sílẹ̀ nígbà gbogbo ní wàhálà tirẹ̀.

Èkejì ni dídí apá kan ihò iwájú. Afẹ́fẹ́ tó wọ ibẹ̀ máa ń kọlu rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, á há síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni èyí tó ń wọlé ju ohun tí ẹ́ńjìnnì nílò lọ. Ìdí nìyẹn tí Ram 1500 ti 2013 àti Ford F-150 ti 2015 fi ní ewé tó ń ṣí tó ń tì fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín kò ní i lè fi ike dí i, àmọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra gidi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo fi páálí dí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú ọ̀nà tó tẹ́, ó dára bí i dára. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè pẹ̀lú ẹrù, mo ń wo ọwọ́ ìwọ̀n ooru tó ń gòkè bọ̀, mi ò tíì dé orí òkè tí mo fi bọ́ sílẹ̀ lọ fi ọwọ́ ya páálí náà kúrò létí ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ dí ìdá mẹ́rin kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ so ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ́ ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ lè rí dígíríì ooru omi ẹ́ńjìnnì ní nọ́ńbà. Ọwọ́ ìwọ̀n tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sábà máa ń pẹ́ kó tó sọ òótọ́. Láàárín 90 sí 100 ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì máa ń wà. Bó bá ń kọjá 105, ẹ yọ díẹ̀ nínú ohun tí ẹ fi dí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fa ọkọ̀ àfifà, tí ẹrù bá wúwo, tàbí tí ooru bá mú gan-an tí A/C sì ń ṣiṣẹ́, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Fáànù tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró á gba ohun tí ẹ rò pé ẹ jèrè padà.

Ìgbésẹ̀ 7: Abẹ́ àti táyà

Kíákíá ni mo máa kọjá níbí, torí pé wàhálà rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ẹ lè fi alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ bo abẹ́ ọkọ̀, pàápàá láti àkísù ẹ̀yìn lọ sí bọ́mpà ẹ̀yìn. Ẹ má lo ike nítòsí sáìlẹ́ńsà. Ooru apá tó ń fọ èéfín mọ́ máa ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún dígíríì, iná lè sọ. Ẹ ṣe é kí mẹkáníìkì lè tú u kíákíá láti ja ọ́ìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun fúnra rẹ̀ á bá yín sọ ọ́ nù. Ìbòrí táyà pẹlẹbẹ náà ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá ṣáà ti ń dé ibi bíréèkì. Atẹ́gùn inú táyà kò kan ọ̀rọ̀ ìrísí, àmọ́ níwọ̀n bí ẹ ti wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ fún un débi tí ilé iṣẹ́ ní kó wà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tún un wọ̀n, ẹ tún un dè

Ẹ padà sójú ọ̀nà tí ẹ lò ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ní irú ojú ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá yín. Ẹ dán ohun kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Ẹni tó bá gbé ìbòrí, ète rọ́bà àti ike iwájú sí i lọ́jọ́ kan náà, tí epo sì dínkù ní ìdá 8, kò ní mọ èyí tó ṣe é, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa ba èyí tó kù jẹ́.

Lẹ́yìn kìlómítà 100 àkọ́kọ́, ẹ dúró, ẹ di gbogbo bóòlù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn 500, ẹ tún un ṣe. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ la orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kọjá dé ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ìlà rẹ̀ kò bá tọ́ mọ́ ti ń tú, ẹ ó sì rí i láti ìdúró láì mú sípánà lọ́wọ́.